Iṣu Mọ́kànléláàádọ́ta

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Keje, 2025

Wọ́n ti lẹ èsì mọ́ pátákó. Abigail ọmọ mi ló ṣe ipò kìíní nínú Máàsì JS3. 86! Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti mọ̀. Ta ló máàkì rẹ̀ bí kò ṣe èmi? Ṣùgbọ́n mo pa ẹnu mọ́. Ìwọ ìwé yìí gan-an, mi ò sọ fún ọ. Ọmọ náà sáré láti ibi pátákó dé abẹ́ igi máńgòrò, ó yí igi náà po lẹ́ẹ̀mẹta, ó tún sáré padà lọ wò ó bóyá wọ́n ti yí i padà.

Nílé, Adájọ́ ń tẹ ẹ̀bà lọ́wọ́. (Adájọ́ ni Fúnmiọlá ìyàwó mi. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Bó bá ti sọ̀rọ̀, ẹjọ́ ti parí nìyẹn.) Ó gbọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó pẹ̀lú ọmọrogùn lọ́wọ́, ẹ̀bà ń ta sára ògiri. "Ọmọ Tíṣà! Ọmọ Tíṣà!" Abigail ń jó tẹ̀ lé e. Èmi náà jó díẹ̀. Mi ò mọ ijó jó, wọ́n sì rán mi létí.

Kì í ṣe ipò lásán. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde iléèwé wa ti ṣèlérí pé ẹni tó bá ṣe ipò kìíní nínú Máàsì JS3 lọ́dún yìí, àwọn ni yóò gbọ́ bùkátà ẹ̀kọ́ rẹ̀ láti SS1 títí yóò fi jáde. Ọmọ kan ṣoṣo.

Toyyibah ló ṣe ipò kejì. 84. Orí bẹ́ǹṣì kan náà ni òun àti Abigail ń jókòó.

Inú mi dùn. Inú mi dùn gan-an. Kí ló wá dé tí mo fi kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Oṣù Keje

"Tíṣà, ẹ kú oríire o!" Káàkiri Ọ̀wọ̀. Kí wọ́n tó sọ ọ́ tán ni mo ti ń dáhùn.

Ọjọ́rú, 9 Oṣù Keje

Ìyá Aago ránṣẹ́ pè mí láàárọ̀. Ìyáàfin Agatha ni, ọ̀gá àgbà iléèwé wa. Aago méjì ló wà lára ògiri ọ́fíìsì rẹ̀, ọ̀kan tún wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì gba ọ̀kankan nínú wọn gbọ́ tán.

Lẹ́tà kan wà lórí tábìlì. Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá Toyyibah ló ti wá, Màmá Sìlífátù, tó ń ta iṣu ní Idogun. Toyyibah ló kọ ọ́, mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀. Màmá fi àtàǹpàkò tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún ìwé ọmọ náà máàkì. Ìbéèrè keje. Ọjọ́ Ajé ni mo fi ìwé wọn hàn wọ́n, kí n tó gbà á padà.

Òfin iléèwé wa nìyí: òbí lè béèrè, ṣùgbọ́n olùkọ́ tó máàkì ìwé náà gbọ́dọ̀ buwọ́ lu fọ́ọ̀mù kan. Bí kò bá buwọ́ lù ú, ọ̀rọ̀ ti tán. Ìyá Aago na fọ́ọ̀mù náà sí mi.

"Ọ̀gbẹ́ni Babátọ́pẹ́, ọwọ́ yín ló kù sí. Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, aago méjì ọ̀sán. Mi ò sọ pé aago méjì kọjá ìṣẹ́jú kan o."

Inú bí mi. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń kọ́ ọmọ ní Máàsì. Mo fi fọ́ọ̀mù náà sí ìsàlẹ̀ báàgì mi, lábẹ́ ṣọ́ọ̀kì, níbi tí ojú mi kò ti ní máa rí i.

Mo wá ń ronú ní báyìí. Hamidat, ẹ̀gbọ́n ìyá Toyyibah, ti wá àyè fún un nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nígboro. Bí ọmọ náà kò bá rí ìrànlọ́wọ́ ẹgbẹ́ yìí gbà, ibẹ̀ ló ń lọ lẹ́yìn ìsinmi. Iṣẹ́ tó dára ni. Aránṣọ ló rán ṣòkòtò tí mo wọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tí ìṣirò bá le, mélòó nirú wọn tí mo ti rí láti ọdún mẹ́tàdínlógún?

Méjì. Ọ̀kan ń sùn ní yàrá kejì yìí.

Ọjọ́bọ̀, 10 Oṣù Keje

Mo yọ ìwé Toyyibah jáde.

Ìbéèrè keje: *Ìyá kan kó iṣu 240 lọ sọ́jà, ó kó wọn jọ ní ọgọ́ta-ọgọ́ta. Ó ta òkìtì mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń tà á lọ́jà. Iṣu mélòó ló kù?*

Èmi ni mo ṣe ìbéèrè náà. Ìdáhùn mi: 60. Gbogbo kíláàsì kọ 60, àfi àwọn tí kò mọ nǹkan kan. Toyyibah kọ 51. Mo fi báírò pupa fa ìlà sí i. Máàkì márùn-ún lọ.

Lónìí ni mo tó ka ohun tó kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wínníwínní: "Iṣu mẹ́ta ni ènì lórí ọgọ́ta kọ̀ọ̀kan. 3 × 3 = 9. 60 − 9 = 51."

Ènì. Ọmọ náà ka ènì mọ́ ọn.

Mo rẹ́rìn-ín, èmi nìkan, títí Adájọ́ fi béèrè láti yàrá pé kí ló dé. Mo ní kò sí. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà lọ. Mo rántí bí mo ṣe máàkì wọn: bí wọ́n ṣe jókòó ní kíláàsì ni mo tò wọ́n. Ti Abigail ṣáájú. Ti Toyyibah tẹ̀ lé e. Ìyẹn ni pé mo ti mọ̀ pé 86 ni ọmọ mi gbà, kí n tó ṣí ìwé ọmọ Idogun.

Ṣé mo ka ohun tó kọ sí ẹ̀gbẹ́ yẹn nígbà náà, tí mo sì gbójú kúrò? Tàbí mi ò kà á rárá? Mo ń wá a nínú orí mi. Mi ò rí i. Mo ti ka ìwé púpọ̀ nípa àwọn ènìyàn tó tan ara wọn jẹ, ara wọn ló sì dá gbogbo wọn lójú.

84 + 5 = 89.

Ọjọ́ Ẹtì, 11 Oṣù Keje

Mo ṣe àṣìṣe kan. Mo fi ìbéèrè náà han Raheem.

Raheem ló ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ àgbẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó dìde dúró láàárín yàrá olùkọ́. "Ẹ̀yin ará, Ọ̀gá Tọ́pẹ́ lọ sọ́jà, ó ra ọgọ́ta iṣu, kò gba ènì!"

"Irọ́ ni," ni Láníyì sọ, òun ló ń kọ́ wọn ní Ìtàn. "Ta ni yóò ta iṣu láìfi ènì sí i? Ta ló máa padà wá rà lọ́wọ́ rẹ̀?"

Mo ní Máàsì la ń ṣe, kì í ṣe ọjà.

Raheem ní: "Ẹ̀yin lẹ kọ ọjà síbẹ̀ o, ọ̀gá mi. Kí ni wọ́n ń pè ní 'gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń tà á lọ́jà'?"

Láníyì ní lọ́dọ̀ ìyá òun ní Ipele, méjì ni wọ́n ń fi sí i, mẹ́ta ti pọ̀ jù. Raheem ní ìyá Láníyì láhun. Láníyì ní kí ló sọ? Raheem ní òun kí ìyá. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní bí ẹnu èèyàn bá dùn tó, ó lè gba mẹ́rin. Agogo lù, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Nígbà tí a máa fi gbójú sókè, àwọn ọmọ JS1 ti kún ojú fèrèsé, wọ́n ń gbọ́ bí àwọn tíṣà ṣe ń jà nítorí iṣu tí kò sí níbì kankan.

Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ká sọ òtítọ́, ó pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n gbólóhùn yẹn. Kí ló dé tí mo fi kọ ọ́? Ìṣirò náà pé láìsí i. Mo fẹ́ kó dùn ún kà ni. Ìwé kíkà ló ń ṣe mí. Iṣu lásán kò tó mi, mo ní láti fi ọjà kún un. Toyyibah nìkan ló ka gbogbo ohun tí mo kọ. Àwọn ogójì yòókù ka nọ́ńbà inú rẹ̀ nìkan, mo sì fún àwọn tó kọ 60 ní máàkì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 Oṣù Keje

Mo tún wo ìwé ìdáhùn mi. "60." Ọwọ́ ara mi. Mi ò rí ẹlòmíràn tí mo lè bá wí.

Ọjọ́ Àìkú, 13 Oṣù Keje

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, fíkà ní kí Abigail dìde kí gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́ fún un. Ó dìde, ó rẹ́rìn-ín, ó tún jókòó kíá.

Lọ́nà ilé ó ní: "Dádì, fọ́ọ̀mù wo ló wà nísàlẹ̀ báàgì yín?"

Mo ní kí ló ń wá nínú báàgì mi.

"Ṣọ́ọ̀kì."

A rìn délé. Adájọ́ ń wò wá tẹ̀léra tẹ̀léra, kò sì tíì dájọ́.

Ọjọ́ Ajé, 14 Oṣù Keje

Màmá Sìlífátù wá. Mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́, nítorí mi ò fẹ́ gbàgbé ẹyọ kan nínú rẹ̀.

Ní àkókò ìsinmi ráńpẹ́ ni. Ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró sí ẹnu géètì, iṣu kún ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń lọ sí ọjà. Ìyá arúgbó kan sọ̀ kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ó kéré, ó rọra ń rìn, ó wọ bàtà rọ́bà. Mo ti múra ìjà. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ. Ó kí gbogbo wa kárí, ó béèrè èwo ni tíṣà ìṣirò, ó sì ní:

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọkọ mi. Mo gbọ́ pé ẹ máa ń ra iṣu."

Kí n tó dáhùn, ó ti ní kí Jímọ̀ awakọ̀ máa kó iṣu sílẹ̀ ní abẹ́ igi máńgòrò. Jímọ̀ ń kùn. "Màmá, ọjà ń lọ o! Ṣé iléèwé ló di ọjà wa báyìí?" Màmá ní kó dákẹ́, ṣé òun ló ní iṣu ni? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, mẹ́ta-mẹ́ta, ọwọ́ rẹ̀ yá ju ẹnu rẹ̀ lọ. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹwàá, gbogbo iléèwé ló ti ń bá a kà. Ẹ̀ẹ̀kejìdínlógún! Ẹ̀ẹ̀kọkàndínlógún! Ogún! Ọgọ́ta iṣu pé. Ìyá Aago jáde láti ọ́fíìsì, ó wo aago rẹ̀, ó tún wo iṣu, ó dúró.

"Ó ti di tiyín, Tíṣà. Ká ní a ti sọ iye, a ti fẹnu kò. Ẹ máa kó o lọ."

Mo wo iṣu. Mo wo gbogbo ojú tó ń wò mí. N kò mọ ìgbà tí ẹnu mi là, mo búra. Mo gbọ́ ohùn ara mi:

"Màmá, ṣé ẹ ò ní fi nǹkan sí i ni?"

Haa! Raheem ṣubú lé Láníyì lórí. Àwọn ọmọ hó tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aládùúgbò fi yọjú. Ìyá Aago yíjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì. Màmá kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó mú iṣu kan, ìkejì, ìkẹta, ó tò wọ́n lé òkìtì náà lórí jẹ́jẹ́. "Mẹ́ta. Ṣé ẹ rí i?"

Mo ní mo rí i.

Nígbà tó yá, tí àwọn ọmọ ti wọlé, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́. "Mi ò ní kí ẹ fún ọmọ mi ní ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ o. Bó bá gba òdo, ẹ kọ òdo fún un. Kí wọ́n ṣáà ka ìwé rẹ̀ délẹ̀ ni mo wí. Ó ní ẹ ò kà á délẹ̀."

Jímọ̀ ń kó iṣu padà sínú ọkọ̀ pẹ̀lú ìbínú. Mo rí i pé iṣu mẹ́ta wà lẹ́sẹ̀ mi. Ẹ̀rù bà mí, mo dá a padà kíá, kí ẹnikẹ́ni má baà pè é ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀.

Ìgbà yẹn ló wá rẹ́rìn-ín. Eyín rẹ̀ kò ju mélòó kan lọ. "Ta ló fún yín? Ṣé ẹ ti sanwó ọgọ́ta?"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 Oṣù Keje

Ó yẹ kí n buwọ́ lù ú lánàá. Mi ò buwọ́ lù ú. Kí ló ń dá mi dúró? Mo ro ó báyìí: bí mo bá buwọ́ lù ú, ọmọ mi yóò pàdánù ipò kìíní níwájú ìjọ tó pàtẹ́wọ́ fún un, ọwọ́ bàbá rẹ̀ ni yóò sì ti bá a. Bí mi ò bá buwọ́ lù ú, wọn yóò ní mo gbè sẹ́yìn ọmọ mi. Bí mo bá tún fúnra mi máàkì rẹ̀ ńkọ́? Ta ni yóò gbà mí gbọ́? Ṣé èmi gan-an yóò gba ara mi gbọ́?

Mo ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún Adájọ́ nígbà tó dé láti ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Ó ń bọ́ bàtà.

"Dádì Abi, ta lẹ ń dáàbò bò gan-an? Ṣé Abi ni, àbí báírò pupa yín?"

Mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ó dáa. Ẹ bi Abi."

Ó lọ dáná. Ìgbẹ́jọ́ kò gba ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Ọjọ́rú, 16 Oṣù Keje

Mi ò rọ́nà bi í. Òun ló bi mí.

Òun àti Toyyibah ti jókòó sẹ́yìnkùlé, wọ́n ń jẹ àgbàdo sísè láti inú abọ́ kan. Ìjà kò sí. Mo ti rò pé wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́, mo ti ń fi ìbànújẹ́ wọn da ara mi láàmú, wọ́n kàn ń jẹ àgbàdo. Nígbà tí Toyyibah lọ, Abigail wọlé wá bá mi.

"Dádì, ẹ buwọ́ lu fọ́ọ̀mù yẹn."

Mo ní ṣé ó mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀.

"Mo ti ṣírò rẹ̀. Ìgbà tí ó bá gba márùn-ún yẹn, á jẹ́ 89. Èmi 86." Àgbàdo wà lẹ́nu rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ní kíláàsì, bí mo bá nawọ́, wọ́n á ní kí bàbá ẹ kúkú fún ẹ ní ọgọ́rùn-ún ká lè sinmi. Toyyibah nìkan ni kì í sọ ọ́. Mo fẹ́ mọ ohun tí mo gbà gan-an."

"Ipò kìíní lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ."

"Màá gba ipò kejì mi nígbà náà. Ṣùgbọ́n á jẹ́ tèmi."

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Mo wo ẹnu rẹ̀, hóró àgbàdo kan lẹ̀ mọ́ ọn. Mo ní kó lọ nu ẹnu.

Ọjọ́bọ̀, 17 Oṣù Keje

Mo ti buwọ́ lù ú.

Mo sọ fún Ìyá Aago pé kì í ṣe ìwé kan. Gbogbo ọmọ mọ́kànlélógójì. Bí ènì bá jẹ́ òtítọ́ fún ọ̀kan, kí ẹni tí yóò wò ó wo ti gbogbo wọn. Kí wọ́n lẹ bébà bo orúkọ, kí wọ́n fi nọ́ńbà rọ́pò rẹ̀. Kí ẹni tí kò mọ ọ̀kankan nínú wọn máàkì wọn.

Ó wò mí pẹ́. Kò wo aago. "Ọ̀gbẹ́ni Dominic," ló wí. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ olùkọ́, ó ń gbé ní Isuada, ó ń dáko, wọ́n ní kò fẹ́ràn ẹnikẹ́ni tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi ṣe ojúsàájú.

Ìyá Aago fúnra rẹ̀ ló lẹ bébà náà, ó ti ilẹ̀kùn. Raheem fi ọ̀kadà rẹ̀ gbé ìwé náà lọ nínú òjò, ó fi láílọ́ọ̀nù di wọ́n bí ọmọ tuntun. Ó ń kọrin lọ.

Ara mi fúyẹ́. Ó yà mí lẹ́nu bó ṣe fúyẹ́ tó.

Ọjọ́ Ẹtì, 18 Oṣù Keje

Aago méjì ọ̀sán lù. Mo wà ní kíláàsì, mo ń pa pátákó rẹ́. Ìyá Aago gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kọjá, ó mi orí sí mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 Oṣù Keje

Adájọ́ lọ ra iṣu márùn-ún lọ́jà. Ó ní kí ìyá tó ń tà á fi ènì sí i. Ìyá náà ní: "Ènì kẹ̀? Ẹ lọ bi tíṣà tó ní kò sí nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀." Kò mọ̀ pé ìyàwó rẹ̀ ló dúró níwájú òun. Adájọ́ rẹ́rìn-ín láti ọjà délé, ó sì tún ń rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi. Ó fi ọwọ́ di ikùn mú. Iṣu márùn-ún péré ló gbé dé.

Ọjọ́ Ajé, 21 Oṣù Keje

Ọ̀gbẹ́ni Dominic fúnra rẹ̀ ló gbé ìwé náà wá. Gíga, gbígbẹ, amọ̀ oko wà lára bàtà rẹ̀. Báírò àwọ̀ ewé ló lò. Àwa mẹ́rin la wà ní ọ́fíìsì: òun, Ìyá Aago, Raheem tó ní òun ni ẹlẹ́rìí nítorí pé òun ló gun ọ̀kadà, àti èmi.

"Ẹni tó ṣe ìbéèrè keje," ló wí, "nífẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ jù."

Mo ní èmi ni.

"Mo rí i bẹ́ẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ló dáhùn ohun tí ẹ bi í. Nọ́ńbà ogún. Mo fún un ní márùn-ún rẹ̀. Àwọn tó kọ 60, mi ò gbà á lọ́wọ́ wọn, ìbéèrè yín ló ṣì wọ́n lọ́nà. Mo tún rí i pé ẹ ro máàkì nọ́ńbà ogún pọ̀, ẹ fo méjì." Ó wò mí lókè awò ojú rẹ̀. "Olùkọ́ Máàsì."

91. Nọ́ńbà ogún gba 91. Ìyá Aago ṣí bébà náà: Toyyibah. Raheem pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó rántí pé ọ́fíìsì ni.

Mo ti ń dìde. Mo ti ń rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ ti parí, ó dára, ó dára. Bàbá náà ní kí n jókòó.

"Nọ́ńbà mọ́kàndínlógún. Ta nìyẹn?"

Ó fa ìwé kan yọ nínú wọn.

"Kí ni ọmọ yìí fi ṣe yín?"

Ó ṣí ìwé náà. Ó fi ìka kan án. Ní ojú ewé kejì, ọmọ náà kò kọ "iṣu" síwájú 60, mo yọ máàkì kan. Ọmọ mọ́kànlá nínú kíláàsì ni kò kọ ọ́. Àwọn mẹ́wàá yòókù, mi ò yọ nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Ó fo ìlà kan nínú ìṣirò ìkejìlá, mo yọ máàkì kan. Toyyibah fo ìlà kan náà, mo fi í sílẹ̀. Ìlà tí kò tọ́ dáadáa lábẹ́ àwòrán: máàkì kan. Ìdáhùn tí ó pa tó tún kọ, ó sì tọ̀nà: máàkì kan. Mẹ́rin.

"Mo ti máàkì ìwé fún ọdún márùndínlógójì," ni Ọ̀gbẹ́ni Dominic sọ. "Mo mọ bí olùkọ́ ṣe ń máàkì ọmọ tí kò fẹ́ràn. Àádọ́rùn-ún ni ọmọ yìí gbà. Ẹ jẹ́ kí n rí orúkọ rẹ̀."

Ìyá Aago ṣí bébà náà. Ó kà á sínú. Ó yí i sí ọ̀dọ̀ mi.

Abigail.

Raheem fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ní ìta, ariwo ti sọ. Mi ò mọ ẹni tó sọ fún wọn. Wọ́n ti gbé Toyyibah sọ́rùn, bàtà rẹ̀ kan ti bọ́. Abigail wà nísàlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú kó má baà ṣubú, òun ló ń pariwo jù. Ìyá Aago pe Màmá Sìlífátù lórí fóònù, ìyá náà sì kígbe ní èdè Idogun débi pé wọ́n ní láti gbé fóònù náà jìnnà sí etí. Hamidat ní kí wọ́n sọ fún Toyyibah pé òun yóò rán aṣọ SS1 rẹ̀ fún un, ẹ̀rọ yẹn kò ní ṣòfò.

Ó yẹ kí n kàn yọ̀. Mo yọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi bẹ̀rù pé mo fi ọmọ mi borí ọmọ ọlọ́mọ. Mi ò tíì ronú rí, nínú gbogbo ohun tí mo kọ sínú ìwé yìí, láti wo apá kejì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 Oṣù Keje

Mo sọ fún un lónìí. Mo ti rò ó láti òwúrọ̀. Mo ní lọ́kàn láti ṣàlàyé bí olùkọ́ ṣe ń bẹ̀rù ojúsàájú, bí ẹ̀rù náà ṣe lè di nǹkan mìíràn lọ́wọ́ èèyàn tí kò fi ní mọ̀. Ó jókòó sórí àkàsọ̀ ẹnu ọ̀nà, ó ń gé èékánná. Gbogbo ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé: "Abi, 90 lo gbà. Kì í ṣe 86. Èmi ni mo yọ mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ, mi ò sì mọ̀."

Ó ń gé èékánná lọ.

"Mo mọ̀, Dádì."

Mo ní kí ló mọ̀.

"Láti JS1 ni. Mo máa ń fi ìwé mi wé ti Toyyibah. Mẹ́ta nígbà mìíràn, mẹ́rin nígbà mìíràn." Ó gbójú sókè, ó ń rẹ́rìn-ín, bí ẹni tó ń tu ẹlòmíràn nínú. "Ẹ má dà á rò. Bí ẹ bá ti dá ìwé mi padà, mo máa ń fi kún un fúnra mi."